"Abẹ́ Ń Dùn Mí": Ibo Gan-an Ni? Àlàyé Lórí Ẹ̀yà Ara Ìbímọ Obìnrin

Obìnrin tó bá wọ ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ní Ìdí-Aba, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, gbólóhùn mẹ́ta ló sábà máa ń gbé lọ: "inú ń run mí", "ìdí ń dùn mí", "abẹ́ ń ṣe mí bákan". Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Inú lè jẹ́ ìfun, ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀, ó lè jẹ́ ilé ọmọ. Abẹ́ kó ihò ìtọ̀, ọ̀nà ọmọ àti ihò ìdí pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìtìjú ló sọ wá di bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé sì ni ìtìjú náà, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá dárúkọ, a kì í rí i wò dáadáa. Nítorí náà, a ó pín "abẹ́" sí wẹ́wẹ́: ohun tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe, àti irú wàhálà tó máa ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wá.

Ìta: ihò mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì

Obìnrin tó bá jókòó nínú yàrá rẹ̀, tó la ẹsẹ̀, tó gbé dígí kékeré síwájú, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí apá yìí. Ètè ńlá méjì ló kọ́kọ́ wà, lọ́tùn-ún àti lósì, irun ń hù sí wọn. Ètè kékeré méjì wà láàárín wọn, irun kì í hù sí ìyẹn. Ti ẹlòmíràn gùn, ti ẹlòmíràn kúrú, ọ̀tún lè gùn ju òsì lọ, àwọ̀ wọn lè dúdú tàbí kó pọ́n. Kò sí èyí tó jẹ́ àìsàn nínú gbogbo rẹ̀.

Bí a bá ya ètè kékeré sọ́tọ̀, ihò méjì wà níbẹ̀. Èyí tó wà lókè, tó kéré débi pé ojú lè fò ó, ni ihò ìtọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó fẹ̀ jù ú lọ, ni ẹnu ọ̀nà ọmọ: ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ń gbà jáde, ibẹ̀ ni ìbálòpọ̀ ti ń wáyé, ibẹ̀ náà ni ọmọ ń gbà wáyé. Ẹ̀kẹta ni ihò ìdí, tó wà lẹ́yìn. Àìmọye obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin ló ṣì rò pé ibi tí ọmọ ń gbà ni ìtọ̀ ń gbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, nígbà tí ti ọkùnrin lè tó 20. Kòkòrò láti ihò ìdí kò ní ìrìn púpọ̀ láti rìn kó tó dé àpò ìtọ̀ obìnrin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń nu ìdí láti iwájú lọ sẹ́yìn, tí a kì í nù ún láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín bí ata, tí ẹ ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà ìtọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ilé ọmọ.

Ní òkè pátápátá, níbi tí ètè kékeré méjèèjì ti pàdé, ni ìdọ́ wà. Èyí tí a ń rí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n èyí tó fara pamọ́ sínú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀: ó la ẹsẹ̀ méjì sábẹ́ ètè, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 11. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni adùn ìbálòpọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà kan gbà pé bí orí ọmọ bá kan ìdọ́ lọ́jọ́ ìbí, ọmọ náà yóò kú, ìgbàgbọ́ yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dábẹ́ fún ọmọbìnrin. Kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ gbogbo obìnrin tí a kò dábẹ́ fún ń gba abẹ́ ìdọ́ kọjá, wọ́n sì ń yè. Ohun tó ń ṣe ìyá àti ọmọ ní jàǹbá ni àpá ìdábẹ́: àpá kì í nà bí ẹran ara tí a kò gé, nítorí náà ó máa ń ya nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti sọ dídábẹ́ fún ọmọbìnrin di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Ìbálé ńkọ́? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tó yí etí ẹnu ọ̀nà ọmọ ká. Kò bo ẹnu ọ̀nà náà pa, torí bó bá bò ó pa, nǹkan oṣù ò ní ríbi gbà jáde. Àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ wà tí a bí tí tiwọn sì dí pátápátá: wọn ò ní rí nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ikùn yóò máa dùn wọ́n lóṣooṣù. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń yanjú rẹ̀. Ìbálé ẹlòmíràn máa ń nà láìya, ti ẹlòmíràn ti fẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀jẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì kò lè jẹ́rìí ẹnikẹ́ni, dókítà pàápàá kò lè fi ojú wò ó kó sọ ẹni tó ti bá ọkùnrin lò.

Ọ̀nà ọmọ, àti ohun tí wọ́n ń pè ní "toilet infection"

Ọ̀nà ọmọ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Kì í ṣe páìpù tó lanu sílẹ̀. Ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ra, bí àpò agbádá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ kọjá ló ń là. Òpin rẹ̀ dí. Kọ́ńdọ̀mù tó bá yọ sínú ibẹ̀ kò lè rìn wọ ikùn lọ, torí ihò ọrùn ilé ọmọ kéré jù fún un. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ lóṣòó, ẹ tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́, ẹ fi ìka méjì fà á jáde. Bí ọwọ́ kò bá tó o, nọ́ọ̀sì á yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ oyún àti àìsàn ni kí ẹ bá wọn sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù tó sọnù.

Àwọn kòkòrò rere kan ń gbé inú ọ̀nà ọmọ, lactobacillus lorúkọ wọn. Mọ̀lẹ́bí wọn ló ń mú ògì kan nínú ìkòkò. Bí ti inú ògì ṣe ń mú kí omi orí rẹ̀ kan ni ti inú ara obìnrin ṣe ń mú kí ọ̀nà ọmọ kan, kíkan náà ló sì ń lé àwọn kòkòrò búburú sẹ́yìn. Nítorí náà, ọ̀nà ọmọ ń fọ ara rẹ̀. Obìnrin tó ń fi álọ́ọ̀mù, kán-ún, omi iyọ̀, ọṣẹ olóòórùn dídùn tàbí oògùn apakòkòrò fọ inú lọ́hùn-ún ń lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn tó ń sá fún gan-an ni yóò wá padà bá a. Omi lásán tó, ìta nìkan sì ni kí ẹ fọ̀.

Omi díẹ̀ tó funfun tàbí tó mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò sì yúnni, jẹ́ ti ara. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ torí rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ni omi tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ wà nínú wọn pẹ̀lú. Èyí tó dì bíi wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, tó ń yúnni gidigidi, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní kandidá ló sábà máa ń fà á: ara obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oògùn apakòkòrò tí a gbé mì (antibiotics), nínú oyún, tàbí bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà. Èyí tó ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àwọ̀ eérú, tó ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ń sọ pé àwọn kòkòrò rere ti dín kù. Ṣùgbọ́n atọ̀sí àti chlamydia, ìbálòpọ̀ ló ń gbé wọn, wọ́n sì lè wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìṣe àmì kankan. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ìwọ̀nyí nígboro ni "toilet infection". Orúkọ yẹn ń ṣèpalára: obìnrin á máa da omi gbígbóná sórí ìjókòó ṣáláńgá, ọkọ rẹ̀ kò ní gba ìtọ́jú, àwọn méjèèjì á sì máa kó o ran ara wọn padà. Atọ̀sí kì í wá látorí ìjókòó ilé ìgbẹ́. Bí àyẹ̀wò bá fi í hàn, àwọn méjèèjì ló ń gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn lò.

Ọrùn ilé ọmọ

Lópin ọ̀nà ọmọ ni ìka á ti kan ohun kan tó yọ bíi ṣóńṣó imú, tó sì le bíi rẹ̀. Ọrùn ilé ọmọ nìyẹn. Bí oyún bá wà, ó máa ń rọ̀ bí ètè. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ihò tó gba àárín rẹ̀ kọjá sì kéré gan-an. Omi tó ń pèsè ń yí padà bí oṣù ṣe ń lọ: lọ́pọ̀ ọjọ́ ó ki, ó dí ẹnu ọ̀nà, àtọ̀ kò lè wọlé. Ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí ẹyin tó jáde, ó máa ń yọ̀, á mọ́ gaara, á máa nà láàárín ìka méjì láìtètè já, bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí.

Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ọrùn yìí ni àwọn agbẹ̀bí ń fi ìka wọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 10 kí orí ọmọ tó lè kọjá. Obìnrin tí wọ́n bá ní kó máa tẹ̀ nígbà tó wà ní 6 tàbí 7 yóò rẹ̀ kó tó tó àkókò, ọrùn náà lè wú tàbí kó ya. Bí agbẹ̀bí bá ní kẹ́ ẹ má tíì tẹ̀, ohun tó ń wò nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ kan ti máa ń mú obìnrin. Kòkòrò HPV, tí ìbálòpọ̀ ń gbé, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ó sì máa ń gba ọdún 10 sí 20 kí ìyípadà àkọ́kọ́ lára ọrùn náà tó di jẹjẹrẹ. Gbogbo àsìkò gígùn yẹn ni a fi lè rí i kí a sì pa á. Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ẹ̀rọ ńlá: nọ́ọ̀sì á fi omi kíkan tó jọ fínígà pa ọrùn ilé ọmọ, á dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, ibi tí ara bá ti ń yí padà á funfun. Ẹni tó ti pé 30 ọdún ni kó béèrè fún un, kó má dúró de àmì, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ti máa ń jẹ́ àmì pé ó ti pẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àìrọ́mọbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á.

Ilé ọmọ, tí àwọn àgbà ń pè ní ilé ọlẹ̀

Ẹ fojú inú wo píà kékeré kan tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ilé ọmọ ẹni tí kò tíì bímọ rí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8, ó fẹ̀ tó 5 lókè, kò sì wúwo ju ẹyin adìyẹ kan lọ, nǹkan bíi gíráàmù 50 sí 60. Bí oyún bá dé oṣù kẹsàn-án, ilé náà fúnra rẹ̀, láìka ọmọ àti omi rẹ̀, á ti tó kìlógíráàmù kan. Àpò ìtọ̀ wà níwájú rẹ̀, ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aláboyún fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Oúnjẹ kò dé ibẹ̀ rárá: àpòlúkù lókè ni oúnjẹ ń lọ, ọmọ wà ní ilé tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń kọjá lára olóbi (ibi ọmọ) ló ń bọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin, ilé ọmọ tẹ̀ síwájú lórí àpò ìtọ̀. Lọ́dọ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n á ní "ilé ọmọ rẹ̀ ti yí", wọ́n á sì máa gbowó láti fi ọwọ́ tẹ ikùn kí wọ́n lè "yí i padà". Bí imú kan ṣe gùn tí òmíràn pẹlẹbẹ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ilé ọmọ tó tẹ̀ sẹ́yìn ń lóyún, ó ń bímọ. Ìwọ́ra líle sì lè ṣe ìpalára fún obìnrin tó ti lóyún tí kò tíì mọ̀.

Ògiri ilé ọmọ jẹ́ iṣan tó nípọn. Nínú rẹ̀ ni ìtẹ́ wà, awọ rírọ̀ tí ọlẹ̀ máa ń jókòó lé. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, ìtẹ́ yìí fẹ́lẹ́, kò ju mílímítà 2 sí 4 lọ. Lẹ́yìn náà ó ń nípọn lójoojúmọ́, bí aṣọ tí aláró Ìtòkú ń rì bọ inú aró léraléra tí àwọ̀ rẹ̀ ń ki sí i, títí á fi tó mílímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ọlẹ̀ kò bá wá jókòó, ara á tú ìtẹ́ náà ká, á sì dà á nù. Ìtẹ́ yẹn àti ẹ̀jẹ̀ tó bá a rìn ni nǹkan oṣù.

Nítorí náà, nǹkan oṣù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí tí ara ń kó jọ. Ohun tó sì ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ìyá tó ń fètò sọ́mọ bíbí nìyí: wọ́n gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, tàbí wọ́n fi ti apá sí i, nǹkan oṣù dúró, wọ́n wá ń bi ara wọn níbi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Kò lọ síbì kankan. Oògùn yẹn kò jẹ́ kí ìtẹ́ náà nípọn, ohun tí ara kò tẹ́, kò ní í ká a. Kò di jẹjẹrẹ, kò di ìju (fáíbírọ́ọ̀dù), kò gorí lọ. Bí ẹ bá dá abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta dúró, ó lè gbà tó ọ̀pọ̀ oṣù kí nǹkan oṣù àti oyún tó padà. Ẹni tó fẹ́ bímọ láìpẹ́ ni kó sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ kó lè fún un ní òmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìparí kò ju mílílítà 30 sí 40 lọ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun ńlá 2 tàbí 3. Ó kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá píọ́ wọ́tà. Bó bá ju 80 lọ, ó ti pọ̀ jù. Ẹ kò ní fi ife wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àmì wà: páàdì tó ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, ìdì ẹ̀jẹ̀ tó tóbi ju owó ẹyọ náírà lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ju ọjọ́ 7 lọ, òòyì àti àárẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwọ̀nyí lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ á máa dín kù láìfura.

Inú rírun lásìkò nǹkan oṣù ń wá nígbà tí iṣan ilé ọmọ bá ń fún ara rẹ̀ láti ti ìtẹ́ jáde. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn, ń ràn án lọ́wọ́. Ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ náà ń ràn án lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ká má dúró dìgbà tó bá le. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tó ní ikọ́ fée, tàbí tó lè ti lóyún, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìrora tí kì í jẹ́ kí ọmọ lọ sílé ìwé lóṣooṣù, tàbí tó máa ń dun obìnrin nígbà tó bá ń yàgbẹ́ àti nígbà ìbálòpọ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé "tó o bá ti bímọ á lọ". Ó lè jẹ́ pé irú awọ inú ilé ọmọ ti hù síta rẹ̀, lára ìfun tàbí ilé ẹyin. Àìsàn gidi ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìju, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, ara iṣan ògiri náà ló ti ń hù. Ibi tó bá hù sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Ìju kékeré tó yọ sínú ìtẹ́ lè mú ẹ̀jẹ̀ ya, ó sì lè dí oyún lọ́wọ́. Ìju ńlá tó yọ síta ilé ọmọ lè wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó láìṣe nǹkan kan ju pé kó ti àpò ìtọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìju la ń gé. Ẹni tí scan bá sọ pé ó ní ìju, ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni: ibo ló wà, mélòó ni, báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?

Túùbù

Látorí èjìká ilé ọmọ ni ọ̀nà méjì ti na ọwọ́ jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, inú wọn sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù: níbi tó há jù, nítòsí ilé ọmọ, kò tó mílímítà kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìko tí wọ́n fi ń di àdìrẹ oníko lọ. Orí kejì rẹ̀ là bí ìka, ó sì rọ̀ sítòsí ilé ẹyin. Kò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹyin bá jáde, àwọn ìka yẹn á gbá a mọ́ra wọlé. Irun wínníwínní tó wà nínú túùbù á wá máa gbá ẹyin náà lọ sí ìhà ilé ọmọ.

Inú túùbù, níbi tó fẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ni àtọ̀ àti ẹyin ti ń pàdé, kì í ṣe inú ilé ọmọ. Ohun tí wọ́n bá para pọ̀ dà á fi ọjọ́ 3 sí 4 rìn nínú túùbù, á sì jókòó sórí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10 lẹ́yìn tí ẹyin ti jáde.

Ibi tí chlamydia àti atọ̀sí tí a kò tọ́jú ti ń bà nǹkan jẹ́ nìyí. Wọ́n á gun òkè láti ọrùn ilé ọmọ, wọ́n á dá egbò sínú túùbù, egbò á san, àpá rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀. Oyún tí wọ́n fi irin tí kò mọ́ ṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àgbo kò lè ya àpá tó ti lẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀nà tí kò tó mílímítà kan, torí àpòlúkù àti ìfun ni àgbo ń gbà, kì í wọ túùbù. Àyẹ̀wò tó ń fi túùbù hàn ni HSG: wọ́n á ti omi kan gba ọrùn ilé ọmọ wọlé, wọ́n á ya x-ray, wọ́n á wò ó bóyá omi náà dà jáde lórí kejì. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, ṣáájú kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n ń ṣe é, kí ó má baà bá oyún níbẹ̀.

Bí túùbù bá dí díẹ̀, tí kò dí tán, wàhálà míì wà níbẹ̀: àtọ̀ lè kọjá, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ tó tóbi jù àtọ̀ lọ á há. Á jókòó síbẹ̀, á máa dàgbà, túùbù á sì bẹ́. Àmì rẹ̀: nǹkan oṣù pẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń jáde, ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn ń dun obìnrin gan-an, òòyì ń kọ́ ọ, ṣóńṣó èjìká lè máa dùn ún pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dúró di àárọ̀, ẹ má ṣe lọ ra oògùn inú rírun. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ lóru ọjọ́ náà, torí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn níbi tí ojú kò lè rí.

Ilé ẹyin, àti bí a ṣe ń ka ọjọ́

Ilé ẹyin méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ obì kékeré kan lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọbìnrin ni gbogbo ẹyin tí yóò ní láyé ti wà nínú wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Púpọ̀ ń kú fúnra wọn: bí ó bá fi máa balágà, ó ṣẹ́ ku bí 300,000 sí 400,000. Nínú ìyẹn, 400 sí 500 péré ni yóò jáde láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù títí tí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹyin náà kò jọ ti adìyẹ, kò tóbi ju ojú àmì ìdánudúró inú ìwé yìí lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú kíka ọjọ́. Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Oṣù ara obìnrin ni láti ọjọ́ kìíní yẹn di ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ míì tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 21 sí 35 sì dára. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin ń jáde. Ohun tó tọ̀nà ni pé ẹyin ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ 28, ọjọ́ kẹrìnlá ni tirẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó jẹ́ 35, ó di nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹni tó jẹ́ 24, ọjọ́ kẹwàá ni, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì gba ọjọ́ 6, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lẹ́yìn tó dá. Ìdí nìyẹn tí "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan oṣù tán, kò lè mú" fi ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Àtọ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ 5 nínú obìnrin, ẹyin kì í ju wákàtí 12 sí 24 lọ. Nítorí náà, ọjọ́ 5 ṣáájú àti ọjọ́ tí ẹyin jáde gan-an ni oyún lè mú. Ẹni tí oṣù rẹ̀ ń sáré lónìí, tó ń falẹ̀ lọ́la, kó má ṣe fi ọjọ́ kíka nìkan fètò sọ́mọ bíbí.

Ọ̀rọ̀ èdà wà níbí pẹ̀lú. Obìnrin á rí i pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀, omi ń dà jáde, wọ́n á ní ìdí nìyẹn tí kò fi lóyún. Omi yẹn ń dà jáde lára gbogbo obìnrin, tó fi mọ́ àwọn tó ń bí ìbejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ọkùnrin dà sílẹ̀ jẹ́ omi tó gbé irúgbìn rìn. Àwọn irúgbìn tó lè rìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọrùn ilé ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbígbé ẹsẹ̀ sókè kò ṣe pàtàkì, fífi òwú dí i ń gbé kòkòrò wọlé. Bí tọkọtaya bá ti ń gbìyànjú fún ọdún kan láìlóyún, tàbí oṣù mẹ́fà bí obìnrin bá ti pé 35, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ lọ. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin ló rọrùn jù, ló sì dínwó jù, òun ló yẹ kó ṣáájú HSG: ọkùnrin á fà sẹ́yìn kúrò nínú ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, á sì fi àtọ̀ sílẹ̀ nínú ike tí ilé ìwòsàn bá fún un.

Ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo kò gùn: X àti Y ni wọ́n ń pe ohun tó ń pinnu rẹ̀, X méjì ń di obìnrin, X kan àti Y kan ń di ọkùnrin. Ẹyin obìnrin ní X nìkan, àtọ̀ ọkùnrin ló ń gbé X tàbí Y wá. Ìyàwó kọ́ ló fà á bí ọmọ bá ń jẹ́ obìnrin lemọ́lemọ́.

Nígbà tí ẹyin bá kù díẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 45 sí 55, nǹkan oṣù á máa fò, ara á máa gbóná lójijì, ọ̀nà ọmọ á máa gbẹ. Bí ọdún kan gbáko bá kọjá láìrí i, ó ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kankan tó bá tún yọjú lẹ́yìn ọdún kan yẹn, bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe pé ìyá tún di ọ̀dọ́. Ẹ mú un lọ kí wọ́n wo ilé ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí ẹ bá wá dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín: àárín lókè egungun abẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kan ni, àbí ẹ̀yìn? Ẹ sọ ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí ẹ rí gbẹ̀yìn, iye ọjọ́ tó fi ń wá, àti iye páàdì tí ẹ ń lò lójúmọ́. Ẹ sọ bóyá ìtọ̀ ló ń ta yín, àbí ìbálòpọ̀ ló ń dùn yín, àbí omi tó ń jáde ló yí àwọ̀ tàbí òórùn padà. Bí orúkọ ẹ̀yà ara náà bá wúwo lẹ́nu yín, ẹ ya á sórí ìwé, ẹ fi pẹ́ńsù yí ibẹ̀ po.